Ojú Ewé Kẹtàlá

Ní Àgbowó, lẹ́yìn ilé oníbúrẹ́dì,
ṣọ́ọ̀bù kan wà tó gbóná bí ààrò.
Ibẹ̀ ni mo ti ń tẹ iṣẹ́ oníṣẹ́ láti àárọ̀:
ìwé ẹ̀bẹ̀ lórí owó ilé, ìwé ìpè ìsìnkú,
àròkọ gígùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ka ohun tí wọ́n kọ.
Ìka mi mọ ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn.
Bí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kọ̀ tí kò dáhùn,
màá fa ìwé mi yọ lábẹ́ àga,
kí n máa kọ nípa Làmídì,
ọkùnrin tó gbé àpótí kan dé ibùdó rélùwéè ní Dùgbẹ̀
tí kò sì wọ ọkọ̀.

Ọdún méjì ló ti dúró síbẹ̀.
Mo fi òwe ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, mo fi oríkì wẹ̀ ẹ́,
mo ní oòrùn ń dán lójú rẹ̀ bí idẹ,
mo ní ọkàn rẹ̀ wúwo ju Òkè'Bàdàn lọ.
Làmídì kò mira.

Onílé wa ní Yemetú, Bàbá Ọdẹ́tòyìnbó,
to lẹ́tà òjé nílé ìtẹ̀wé fún ọgbọ̀n ọdún.
Ojú rẹ̀ ti ṣú báyìí. Ó ní kí n kà á sí òun létí.
Mo kà. Ohùn mi ń gbọ̀n bí ìdérí ìkòkò tó ń hó.
Mo ka ewé kan, mo ka èjì, mo dé ìkẹsàn-án,
ó yán.
"Òwe mẹ́rin lójú ewé kan,
ọkùnrin náà kò tíì wọ bàtà!
Kí ló jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà? Gbèsè ta ló wà lọ́rùn rẹ̀?"
N kò mọ̀.
"Kà á lọ." Mo kà á lọ.
Nígbà tí mo dé ibi tí Làmídì ti ń tú owó nínú aṣọ ìnujú,
tó ku náírà mẹ́wàá kó pé,
tó tún un kà bí ẹni pé owó á bímọ,
bàbá dìde jókòó.
"Ojú ewé wo nìyẹn?"
"Ìkẹtàlá, sà."
"Ibẹ̀ ni ìtàn rẹ ti bẹ̀rẹ̀.
Èyí tó ṣáájú, ikọ́ lásán lò ń wú kí o tó sọ̀rọ̀."

Mo bínú, ká má parọ́.
Ewé méjìlá! Mo kọ ọ̀kan nínú wọn lórí bẹ́ńṣì ọsibítù
lóru tí ara ọmọ mi gbóná, lábẹ́ iná tó ń ṣẹ́jú.
Mo kó wọn sínú ọ̀rá búrẹ́dì, mo so ó ní kókó.
N kò sun wọ́n.

Lọ́jọ́ Sátidé mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Dùgbẹ̀.
N kò fẹ́ ra nǹkan kan. Mo jókòó.
Mo wo bí àgbàlagbà ṣe ń lá àtàǹpàkò kó tó ka owó,
bí ìyàwó ṣe ń gba ẹrù lọ́wọ́ ọkọ láìwo ojú rẹ̀,
bí òjò ṣe ń kọ́kọ́ ta òórùn kó tó rọ̀.
Ó rọ̀. Gbogbo wa sá sábẹ́ òrùlé kan.
Ọkùnrin kan bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi bo ẹrù,
ó fi orí sílẹ̀ fún òjò.
Háà, Làmídì. Ìwọ rèé.

Lọ́jọ́ Ajé mo gbàgbé ewé kan sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.
Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Fìyìnfólúwa, kó o mọ́ tirẹ̀ lọ.
Ó padà dé nírọ̀lẹ́, òógùn lójú:
"Ta ló kọ èyí?"
Ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Mo ní, "Oníbàárà kan ni."
Irọ́ náà korò ju ewúro tí a kò fọ̀.
Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún un,
mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú àpótí yẹn.
Mo rò ó títí mo fi kọjá ilé wa."

Ó lọ. Iná náà lọ.
Mo jókòó sínú òkùnkùn, mò ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí owó he,
nítorí èmi gan-an kò mọ ohun tó wà níbẹ̀.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Mo fa ìwé yọ.
Lókè, ní igun tí mo máa ń fi sílẹ̀ lófo,
mo kọ ọ́: Mórohunfolú Àlàdé.
Lẹ́tà náà wọ́ díẹ̀. Mo jẹ́ kó wọ́.
Làmídì ti kúnlẹ̀,
ó ń wá kọ́kọ́rọ́.