Ojú Òsì Ìgbín

Ojú òsì ìgbín yẹn, ilé wa ló ti wá.
Wíìlì máṣíìnì màmá mi ni,
èyí tó fi rán aṣọ ìgbéyàwó fún ìdajì Blaen-y-Graig,
tí ìdajì nínú ìdajì náà ò sì san gbèsè tán.
Idwal tó ń jó irin wá sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ṣí fìlà,
ó ní, "Meinir, ojú ọ̀tún ti wà.
Ìgbín wa ò gbọdọ̀ máa fojú kan wo ayé."
Mi ò dáhùn. Mo wọlé lọ gbé e.

Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi kàn án
nínú ṣẹ́ẹ̀dì gbọọrọ tí a ti ń la síléètì nígbà kan,
síléètì tí ọmọ aráyé fi kọ́ a-b-d
kó tó di pé wọ́n ti ibi ìwakùsà pa, tí àwọn ọkùnrin wa di
ẹni tó ń jókòó ka ẹ̀kán òjò lójú fèrèsé.
Ṣọ́ọ̀ṣì tó ti dahoro ló yọ̀ǹda páìpù dùùrù rẹ̀,
kí ẹranko náà lè máa fi mí.
Emrys awakọ̀ rélùwéè fa fèrè bàbà kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
fèrè tó ti búra fún iléeṣẹ́ láyé ọjọ́un pé òun ò rí.

Ìjà wà níbẹ̀, ẹ má tan ara yín.
Nesta tó ya àwòrán rẹ̀ ní kó jókòó, kó jẹ́ ère.
Idwal ní irin tí kò lè rìn, kí ló fi yàtọ̀ sí sàréè?
Oṣù méjì ni wọ́n fi ń gba ẹnu ọmọdé bára wọn sọ̀rọ̀:
"Sọ fún un kó gbé òòlù mi wá."
"Sọ fún un pé mo gbọ́."

Ó rìn ṣá. Igba ẹsẹ̀ bàtà ní wákàtí kan.

Ọjọ́ tó jáde, òjò ń rọ̀ bí ẹni tó ń gbowó iṣẹ́.
Alága ìgbìmọ̀ ìlú dúró lábẹ́ agbòòrùn,
ó béèrè ẹni tí yóò san owó adójútòfò.
Akọ̀ròyìn kan láti Cardiff ò tiẹ̀ bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò,
ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé: "Pàǹtí tó ń mí."
Nesta fi idẹ kọ ọ̀rọ̀ yẹn sábẹ́ ikùn ìgbín lọ́sẹ̀ kejì.
Ó wà níbẹ̀ dòní.
Àwọn àlejò dé, fìlà gogoro, awò bàbà lórí fìlà,
wọ́n ní sítíìmù-pọ́ńkì ni ohun tí a ṣe, ó lórúkọ, ó lẹ́gbẹ́.
Idwal ní, "Ẹ ṣeun. Èmi rò pé irin ni mò ń jó."

Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e.
Lọ́jọ́ náà, ìlú ló tẹ̀lé e,
nínú ooru tó ń rùn bí èédú àti òróró,
dùùrù ń kérora ohùn kan ṣoṣo
bí àgbà tó ń dìde lórí àga.
Kò sẹ́ni tó mọ bí a ṣe ń rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ mọ́.
Ẹsẹ̀ wa ń yára, a ń dá a dúró.
Nígbà tí kò sí bí èèyàn ṣe lè sáré kọjá ẹnìkejì,
àwọn tó ti yan odì láti ọjọ́ ìdaṣẹ́sílẹ̀
bá ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà fún wákàtí mẹ́ta.
Mo gbọ́ tí Glyn béèrè ẹsẹ̀ arákùnrin rẹ̀.
Ìyẹn ní, "Ó ń dùn mí bí òjò bá ṣú."
Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé wọ́n dì mọ́ra.

Èmi ò gbójú sókè ní gbogbo ọ̀nà.
Alẹ́ ni mo padà lọ, iná rẹ̀ ti kú,
irin ń tutù, ó ń dún kọ́, kọ́.
Mo gun àkàbà Idwal.
Wọ́n ti fi idẹ yí wíìlì náà ká, wọ́n fi gíláàsì bò ó,
ṣùgbọ́n nídìí ọ̀pá rẹ̀
òwú pupa ṣì wé mọ́ ọn,
òwú aṣọ ta ni, mi ò mọ̀.
Gbogbo ohun tí Idwal fọ̀, tó fi yanrìn ha, tó fi iná jó,
kò fọwọ́ kan ìyẹn.