Òdo Ọjọ́ Ẹtì

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí oòrùn tó wọ̀,
òdo kan á dún wọlé sínú fóònù mi.
Láti Mpandeni ni, lódìkejì odò Ṣire,
lọ́wọ́ Chifuniro, tí mi ò fojú kàn rí.
Òdo: onígbáméjì ò tíì yà sọ́dọ̀ wa.
Òdo: kò sọ́mọ tójú rẹ̀ jìn wọnú.

Wọ́n ti sọ bó ṣe ń fi ránṣẹ́ fún mi:
á sanwó ṣájì fún onígbàjámọ̀
tó tẹ́ páànù tó ń mu oòrùn sórí òrùlé,
á gun òkìtì ọ̀gán lẹ́yìn oko òwú,
á nawọ́ sókè bí ẹni fẹ́ já èso,
á dúró títí igi kan ṣoṣo á fi hù lójú fóònù.
Gbogbo wàhálà yìí, nítorí òdo.

Ọ̀gá wa tuntun ní kí la ń fi òfo ṣe.
Mo ní, ọ̀gá, òdo kì í ṣe òfo.
Ẹni tí kò fọhùn ni òfo.
Òdo ń wí pé: mo wà níbí,
mo ti ya ilé mẹ́tàdínlógójì,
mo ti yọjú wo ṣáláńgá, mo ti bi àwọn ìyá léèrè,
odó ń dún lágbàlá, ẹ sùn.
Ó rẹ́rìn-ín.

Oṣù Kejì, odò kún dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.
Ọjọ́ Ẹtì dé, òdo ò dé.
Mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí bí ẹyin.
Aago méjì òru, ó dún:
3.
Kílẹ̀ tó mọ́:
8. Òkú 1.

Èmi ni mo lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀gá.
Kò rẹ́rìn-ín.
Ọkọ̀ ojú omi gbéra ní kùtù
pẹ̀lú omi iyọ̀ inú àpò, oògùn apakòkòrò, nọ́ọ̀sì méjì,
èmi àti ìwé mi.

Obìnrin kúkurú ni. Sálúbàtà ẹsẹ̀ kan ni ó wọ̀.
Rọ́bà ló fi so ẹ̀yìn fóònù rẹ̀ pọ̀.
Mo ní, fún àkọsílẹ̀, ta ni ẹni kan yẹn?
Ó ní, "Ìyá mi."
Mo ti fi bíírò pupa kọ ọ́ tẹ́lẹ̀,
1, láàárín ìlà méjì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi ń wọlé: 5. 9. 4. 4. 2. 1.
Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo ń jẹ ẹ̀pà lọ́wọ́, ó dún.
Mi ò tètè wò ó.
Mo lọ fọ ọwọ́ mi ná.