Gàrí Ọjọ́ Kẹrin

Òkè-Sopin ni, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, lẹ́yìn ilé ìyá bàbá mi,
lábẹ́ àtíbàbà páànù tó ti dógùn-ún létí.
A ti rin ẹ̀gẹ́ tán, a ti dì í sápò,
a gbé e sáàárín igi méjì, a fi okùn fún un pinpin.
Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́.
N kò pariwo. Mo ní, "Èmi ò rò pé ẹnì kankan wà lókè."

Bọ̀dá Odùnúgà, tísà tó ti fẹ̀yìntì,
tó ń ka ẹ̀kọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú,
yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀,
bí ẹni pé èmi ni kò hàn dáadáa.
"Àtíbàbà yìí, ṣé òun ló kọ́ ara rẹ̀?"
Mo ní rárá, Súnmọ́nù káfíńtà ló kọ́ ọ,
mo mọ ilé rẹ̀, ó ṣì jẹ wá ní ìṣó.
"Òṣùpá ńkọ́?"
Mo ní ẹ fi káfíńtà òṣùpá hàn mí, kí n kí i.
Ó ní fásitì Àgọ́-Ìwòyè ti bà mí jẹ́.
Mo ní fásitì kọ́.
Jéè-Fọ̀ọ̀ ni.

Gbogbo ilé dákẹ́.
Èrò méjìdínlógún ló wọ ọkọ̀ ní Ọ̀rẹ̀,
ẹnì kan ló jáde, bàtà ẹyọ kan lẹ́sẹ̀.
Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó gba máìkì,
ó ní Ọlọ́run mọ orúkọ òun.
Ìjọ hó yèè.
Èmi jókòó, mo ń ka àwọn mẹ́tàdínlógún lórí ìka;
ìka ọwọ́ tán, mo bọ́ sórí tẹsẹ̀,
ìka ẹsẹ̀ keje sì bọ́ sí Kẹ́hìndé, ìkejì mi.
Ṣé wọn ò mọ orúkọ tiẹ̀ lókè ni?
Orúkọ àmútọ̀runwá!

Tísà ní àdììtú ni. Mo ní àdììtú kì í ṣe èsì.
Ó ní ẹni tí kò bá bẹ̀rù Ọlọ́run, kí ni kò níí ṣe?
Mo ní ẹni tó kó owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ jẹ léṣìí,
ṣebí òun náà ló ń gbé igbá ọrẹ.
Tísà rẹ́rìn-ín, kó tó rántí pé kò yẹ.

Ìyá àgbà kò dá sí i.
Ó tú okùn, ó tún un so le, omi ẹ̀gẹ́ ń kán tótó.
Ó ní gàrí Ìjẹ̀bú tí kò bá lo ọjọ́ mẹ́rin
kò tíì mọ ohun tó fẹ́ sọ.

Ọjọ́ kẹrin náà pé kó tó dá mi lóhùn.
À ń jọ̀ ọ́, ajọ̀ ń lọ ó ń bọ̀ láàárín wa,
kíkan rẹ̀ ń ta wá nímú.
"Èmi náà ò gbọ́ kó dáhùn rí.
Mo sin àkọ́bí, mo bi í léèrè.
Mo sin èkejì, mo bi í.
Ti Kẹ́hìndé yìí, èébú ni mo bú u, mo ṣì ń bú u.
Ṣùgbọ́n bó o bá gbé e kúrò níbẹ̀, Táyé,
ta ni n ó máa bá jà láago mẹ́ta òru?
Àjà ilé?"

N kò fèsì.
Mo ní èsì o, àmọ́ kò ṣeé sọ lójú rẹ̀.

Ìrun alásàrì tó. Ìbàdí ò jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́;
ó na búútà sí mi.
Mo da omi sí i lọ́wọ́, ó yọ ẹnu, ó bọ́jú,
ẹ̀gẹ́ funfun tó gbẹ mọ́ ìgbúnwọ́ rẹ̀ ń ṣàn lọ.
Mo da sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo da sí tòsì,
èmi tí mo ní kò sẹ́ni kankan lókè.
Ètè rẹ̀ ń mì.
N kò mọ̀ bóyá àdúrà ni, bóyá ìjà ni.
"Rọra dà á," ló wí. "Kànga ti ń gbẹ."