Ìlà Pupa

NẸ́PÀ ti mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́.
Gbogbo Òkè-Baálẹ̀ ń ráhùn òkùnkùn,
èmi nìkan ni mo fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú
tí mò ń wá bí n ó ṣe ra òkùnkùn padà
sínú àpótí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ.

Kámẹ́rà Bàbá Ọ̀ṣúnlérè ni,
èyí tó fi ń ya àwọn ọmọ ilé-ìwé lẹ́bàá rélùwéè
nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń kó iṣu àti àlejò wá.
Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Tìmùtìmù tẹ́ẹ́rẹ́
tí wọ́n fi dí etí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Jàpáànù
ti rà, ó ti yọ́, ó ti di ọ̀dà;
ó lẹ̀ mọ́ mi níka bí àtè tí wọ́n fi ń dẹ ẹyẹ.

Mo fi igi ìtayín họ ọ́.
Mo fi òwú tó mu sípíríìtì nù ún,
mo nù ún, mo tún nù ún,
òwú ń di dúdú, ẹ̀gbin ò tán.
Màmá mi ní kí n fi sílẹ̀ jàre,
ṣé fóònù mi ò ya fótò mọ́ ni?

Fóòmù sálúbàtà tí oníbàtà Ìgbọ̀nà gé fún mi
nípọn jù; ilẹ̀kùn kọ̀, kò padé.
Mo yọ ọ́. Mo lọ tú igbá ìyarun Màmá,
mo fa òwú dúdú tí wọ́n fi ń kó irun,
mo tẹ́ ẹ sínú kòtò tóóró náà ní ìlọ́po méjì,
mo gé àrán lára fìlà tí eku ti jẹ létí
fún ẹ̀gbẹ́ àgbékọ́.
Ó dún *kọ́*. Ó padé.
Òwú lásán, ó wá mọ owú í jẹ:
kò jẹ́ kí ìtànṣán kan yọjú sí ilé fíìmù.

Ìgbà yẹn ni mo rántí fótò Àyọ̀ká,
ìyàwó Bàbá, lókè tẹlifíṣọ̀n wọn:
ìlà pupa kan gé e lọ́rùn kọjá,
láti èjìká ọ̀tún dé etí òsì.
Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ló kú.
Àdúgbò sọ ọ́ títí: kámẹ́rà ti rí i.
Bàbá gbà wọ́n gbọ́. Ó fi aṣọ ìnura wé e,
kò ya ojú ènìyàn mọ́.

Láàárọ̀ mo gba Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ
pẹ̀lú òwú ẹlẹ́gbin náà nínú ọ̀rá.
Mo ní, "Bàbá, ẹ wò ó. Ohun tó fa ìlà nìyí.
Tìmùtìmù ló jẹrà. Oòrùn ló gba ibẹ̀ wọlé.
Kò sí ohun tí ó rí."

Ó gbà á. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́;
ó lẹ̀ mọ́ ọn, kò sì tètè nù ún.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Adìẹ kan rìn kọjá láàárín wa.
Ó ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà, ó pa á dé, ó tún ṣí i,
ó fi àtàǹpàkò tọ ipa òwú irun náà:
"Ta ló kọ́ ọ ní irun kíkó?"
Lẹ́yìn náà, láìgbójú sókè:
"Fíìmù dà?"