Okùn Tí Kò Ṣeé Fà Wọlé

Ní Òkè-Àró, ní Àkúrẹ́, lábẹ́ igi ọ̀dán kan
tí àwọn ará káńsù ti ń lérí pé àwọn ó gé,
ni bàbá mi, Akínmọ́láyàn, ti ń lẹ táyà.
Kíláàsì kẹta ló ti fi ilé-ìwé sílẹ̀.
Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ri tíúbù bọ inú omi,
tí ó ń wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń hó jáde,
a bi mí ní ìbéèrè tí kò kan owó:

"Ihò mélòó ló wà lára tíúbù yìí?"
Mo ní ọ̀kan, ibi tí ìṣó gún.
"Ìyẹn, n ó lẹ̀ ẹ́ kí oòrùn tó yí.
Èyí tí ó wà láàárín ńkọ́, tí o lè ki orí bọ̀?
Sólúṣọ̀n wo ni n ó fi lẹ ìyẹn?"

Ó tú òwú kan lára àpò ìrẹsì,
ó fi yí ọsàn ọwọ́ mi ká, ó ní kí n fún un.
Òwú sún, ó kéré, ó bọ́ sílẹ̀.
Ó wá kì í gba inú tíúbù, ó ta á ní kókó.
"Fà á." Mo fà á títí ìka mi fi pọ́n.
"O rí i? Ọsàn kì í di ẹnikẹ́ni mú."

Ó tú afẹ́fẹ́ tíúbù náà dànù,
ó ká a, ó lọ́ ọ, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.
Ihò náà wà níbẹ̀.
Ó gbé ife onírin tí a fi ń mu gàárì:
"Ibi tí gàárì ń gbé kì í ṣe ihò, kòtò ni.
Etí rẹ̀ nìkan ni ihò.
Bí irin bá rọ̀ bí ẹ̀kọ, n ó mọ ife yìí di tíúbù,
n kò ní ya á, n kò ní lẹ ẹ́."
Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ebi ló ń pa á.

Ẹ̀yìnkùlé wa ni Adétóún ti ń lọ ata.
Ó máa ń lọ́ bẹ́líìtì ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó so ó pọ̀,
kí ojú méjèèjì lè jọ jìyà.
Méjèèjì kẹ̀? Lọ́jọ́ Àìkú tí ẹ̀rọ sinmi,
mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà láàárín rẹ̀, n kò gbé ọwọ́,
títí ìlà fi padà wá pàdé ara rẹ̀.
Kò sí ojú kankan tí ṣọ́ọ̀kì kò dé.
Adétóún ní bí n bá ba bẹ́líìtì òun jẹ́, n ó san án.

Mo tún gbìyànjú láti tẹ́ èèpo ọsàn bí ẹní. Ó ya.
Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀
pé àwòrán ayé ara ògiri ilé-ìwé wa ń parọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, bàbá mi na sípánà sójú ọ̀run.
"Gbogbo èyí, bí ọsàn ni, àbí bí tíúbù?"
Mo ní a kò lè jáde síta lọ wò ó.
"Èèrà orí tíúbù náà kò lè jáde.
Ṣùgbọ́n bí ó bá so okùn mọ́ ilé, tó mú orí rẹ̀ kejì dání,
tó rìn títí tó tún fi dé ilé láìyí ẹ̀yìn padà,
kí ó fà á.
Bí okùn bá wọlé, kò burú.
Bí kò bá wọlé..."
Ọlọ́kadà kan ti táyà rẹ̀ dé. Kò parí ọ̀rọ̀ náà.

Wọ́n ti gé igi ọ̀dán.
Ìṣirò ni mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Ọba-Ilé báyìí.
Mo rin ìrìn ọdún mẹ́rìnlá,
mo sì tún bá ara mi ní Òkè-Àró, níbi tí ọpọ́n omi rẹ̀ máa ń wà.
Mo dúró níbẹ̀, mo rọra fa okùn.
Ó le koko.