Kọ́kọ́rọ́ Díkínì

Ṣọ́ọ̀bù mi kò ju ilé adìẹ lọ, ní Ìsàlẹ̀ Afọ̀n, Ògbómọ̀ṣọ́:
kọ̀ǹpútà mẹ́ta, tẹlifíṣọ̀n kan tí ojú rẹ̀ sán,
páàdì méjì tí àtàǹpàkò àwọn ọmọdé ti bó láwọ̀.
Igba náírà ni eré bọ́ọ̀lù kan.
Ẹni tí wọ́n bá nà, kó dìde fún ọmọ ẹlòmíràn.
Mo lérò tèmi lórí ohun gbogbo;
ẹ má bi mí bí ẹ kò bá ráyè jókòó.

Wọ́n ní géèmù ń ba ọmọ jẹ́.
Mo ní ẹ wá wo Àkànjí, ọmọ oníkajú,
tí kì í lanu nílé ìwé,
tó kú nígbà mẹ́tàdínlógún lórí afárá kan náà,
tó rẹ́rìn-ín, tó tún bẹ̀rẹ̀.
Ta ló kọ́ ẹ̀yin ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀?

Díkínì Oyèrìndé, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù,
gbé kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ wá, ó wé e sáṣọ bí ọmọ tuntun.
Páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, orúkọ àkọ́bí, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n bí i,
ó kọ ọ́ sí bébà, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ẹ̀rọ.
Mo ní, “Bàbá, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ wá so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn.”
Ó ní, “Ta ni yóò jà wá lólè? Gbogbo wa la mọra.”
Mo ní ẹni tó mọ̀ wá ló mọ ibi tí owó wà.

Mo fẹ́ kó lo ètò ọ̀fẹ́,
èyí tí gbogbo ayé jọ ń kọ, tí inú rẹ̀ hàn sí gbogbo ojú.
Ó yọ gíláàsì. “Ohun tí a kò rà,
ọ̀dọ̀ ta la ó lọ bó bá bàjẹ́?”
Mo ní ọbẹ̀ tí wọ́n sè ní gbàgede,
lójú ìyàwó ilé mọ́kànlá,
ta ni yóò rọ́wọ́ bu májèlé sí i?
Èyí tí wọ́n sè nínú yàrá, tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́,
àwo rẹ̀ tó ń dán lẹ̀ ń jẹ.
Ó ní, “Ìyàwó mọ́kànlá!
Bí kálukú bá rò pé ẹnìkejì òun ti tọ́ ọ wò ńkọ́?”
N kò tíì rí èsì fún un títí di òní.

Ọjọ́ Ẹtì ni àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ parẹ́.
Owó télọ̀, owó fọganáísà, owó opó,
gbogbo rẹ̀ di àmì wẹ́wẹ́ bí ìgbẹ́ eku.
Mo pariwo: páásíwọ́ọ̀dù! Mo ti wí! Mo ti sọ!
Àkànjí kò pariwo. Ó ń wò ó bó ti ń wo afárá yẹn.
“Ẹ̀gbọ́n, inú géèmù tuntun ló ti wá.
Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi fúnni. Èyí tẹ́ ẹ jí ni.
Fíláàṣì yín ló gbé e débẹ̀.”

Fíláàṣì mi. Pupa. Mo so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù.
Èmi, olùkọ́ àgádágodo.
Ilẹ̀ kò lanu.

Díkínì kò bá mi jà. Ó lọ sílé,
ó gbé ìwé ńlá kan dé, ẹ̀yìn dúdú,
ọdún mọ́kàndínlógún, yíǹkì búlúù, kọ́bọ̀ kan kò sọnù.
“Mo ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì,” ló wí, “torí n kò gbà yín gbọ́.”

Oṣù kan gbáko lèmi àti Àkànjí fi tẹ̀ ẹ́ padà
sórí ètò ọ̀fẹ́ náà. Ó gbà. Kò sọ ìdí.
Mo ní kó mú páásíwọ́ọ̀dù gígùn tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀.
Ó ronú, ó mú ìlà kan nínú oríkì ìyá ìyá rẹ̀,
obìnrin ará Ìkòyí tó ti kú kí wọ́n tó bí gbogbo wa.
Inú mi dùn. Olè wo ni yóò débẹ̀?

Ó wá nàka kan ṣoṣo, ó ń tẹ̀ ẹ́,
ó ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sókè bí ẹni ń ka Bíbélì fún ìjọ,
títí ọmọ tó ń ta omi lódìkejì títì
fi bá a parí ìlà náà.