Ohun Tí Aita Sọ fún Ọlọ́jà Ẹńjìnnì

Jókòó, Tarvo. Kọfí ti tutù, ṣùgbọ́n kọfí náà ni.
Ìwé ọjà rẹ ń dán, mo ti rí i.
Ẹńjìnnì inú rẹ̀ funfun bí eyín ọmọ ọwọ́,
kò tíì gbọ́ òórùn ẹnikẹ́ni.

Níbí, ní etí òkun Ẹstóníà,
ìgbẹ́ ìlú ni mò ń tọ́jú,
ti olórí ìlú àti ti ọmọ tí wọ́n bí lánàá,
gbogbo rẹ̀ ló ń wá bá mi lóru, kì í kan ilẹ̀kùn.
Irin mẹ́rin ló ń yí, tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi
kí àwọn kòkòrò tí ojú kò rí lè jẹ ìdọ̀tí wa.
Bí irin bá dákẹ́ pẹ́, ebi á pa kòkòrò,
òkun á sì gba ohun tí kò yẹ kó gbà.

Ṣé o ń gbọ́ òórùn yẹn? Bí ẹyin tó ti bu?
Kì í ṣe imú nìkan ló ń bá jà.
Ó ń jẹ bàbà, ó ń jẹ wáyà,
ó ń jẹ kọ́kọ́rọ́ ilé mi nínú àpò.

Nígbà tí Kaljo ṣì wà láyé, olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n rà.
Oṣù kejìlá, yìnyín bo ojú omi,
gíá kan fọ́ wẹ́wẹ́ bí bísíkíìtì.
Kaljo bọ́ sínú ihò, tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu,
ó wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́,
ilẹ̀ kì í sì í tètè mọ́ níbí.
Ìka rẹ̀ méjì kò mọ nǹkan kan lára mọ́ títí ó fi kú.
Ìyẹn kò sí nínú iye owó tí wọ́n kọ.

Nítorí náà, má sọ èló fún mi. Sọ ọdún mélòó.
Sọ ẹni tí yóò tú u láàárín òru,
àti ibi tí bẹ́árìn rẹ̀ yóò ti wá.

Wá sẹ́yìn ilé. Wo àgbá yẹn.
Láti oṣù kẹsàn-án ni mo ti ri tìrẹ
àti ti ẹnì kejì rẹ sínú omi ìdọ̀tí.
Ọ̀dà tìrẹ ti ń bó bí awọ ejò.
Èkejì burẹ́wà, ó wúwo,
ara rẹ̀ kò ní kọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbin lè sá sí.
Mo so ó mọ́ iná láàárọ̀ yìí:
ó yí, jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń ronú.

Mo máa fẹ̀yìn tì lọ́dún tó ń bọ̀.
Hedvi tó ń fọ bàtà lọ́hùn-ún ló máa gba kọ́kọ́rọ́.
Mo fẹ́ kó máa sùn lóru.

Mu kọfí rẹ.
Fi ìwé náà sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ṣeé kọ nǹkan sí.